Ọmọ mi fẹ́ bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Yorkshire: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́ńdọ̀nù

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará ilé. Ọmọbìnrin mi wọ yunifásítì ní àríwá Ìlú Ọba ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ kiri. Wọ́n ń múra ìrìn àjò àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kọkànlá yìí, ní agbègbè Ingleton ní Yorkshire. Ilé kan tí ẹgbẹ́ mìíràn fi ń gba àlejò ni wọ́n máa sùn sí, wọn yóò sì wọ ihò ní ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú.

N kò fẹ́ fi ẹ̀rù tèmi dí ọmọ lọ́nà, n kò sì fẹ́ fọwọ́ sí ohun tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Kí ni kí n bi í, kí sì ni kí òun náà bi àwọn tó ń ṣáájú wọn kó tó lọ? Kí ló yẹ kó wọ̀? AS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì máa ń lo oògùn tí wọ́n ń fi ẹnu fà nítorí asthma bí òtútù bá mú. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn lọ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ì báà jẹ́ èyí tí kò dùn ún gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Mo wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kàwé, mo sì ń bá wọn lọ títí di báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wúwo jù. Àwọn ènìyàn yóò sọ̀rọ̀ akoto, iná àti okùn fún yín, gbogbo rẹ̀ ló sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá ẹ̀mí sí jù lọ nínú eré yìí kì í wọ inú ihò rárá. Ènìyàn kan ni, tó wà lókè, tó mọ ihò tí wọ́n wọ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà nínú rẹ̀, tó mọ iye àwọn tó wọ̀ ọ́, tó sì mọ aago tí òun gbọ́dọ̀ pe ọlọ́pàá bí òun kò bá tíì gbúròó wọn.

Fóònù kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, àwọn méjì lè jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀. Bí omi bá ti dí ọ̀nà ńkọ́? Aago tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó wà lókè yẹn nìkan ni yóò sọ fún aráyé pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ yín máa bi aṣáájú wọn jẹ́ èyí: ta ló mọ̀ pé a wà níbẹ̀, aago mélòó ni ó sì máa pè?

Wọn kì í fi ojú díwọ̀n aago náà. Aṣáájú tó mọṣẹ́ yóò wo iye wákàtí tí ihò náà máa ń gbà, yóò fi kún un nítorí àwọn tuntun tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì yá, yóò ka ìrìn orí òkè láti ibi tí mọ́tò dúró sí dé ẹnu ihò mọ́ ọn, yóò sì tún fi bíi wákàtí kan tàbí méjì lé e kí wọ́n má baà da àwọn olùgbàlà láàmú lásán. Apá kejì rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń gbàgbé. Bí wọ́n bá ti jáde, kí wọ́n tó wá oúnjẹ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, wọ́n gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ti jáde pé pérépéré. Ọ̀pọ̀ ibi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti mú ní àárín àwọn òkè Yorkshire, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí wọ́n máa wa mọ́tò dé kí fóònù tó mú.

Bí aago bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan, 999 ni wọ́n ń pè. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń béèrè, wọn yóò sì sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn olùgbàlà inú ihò ni àwọn ń fẹ́. Ní agbègbè tí ọmọ yín ń lọ, Cave Rescue Organisation tó fi Clapham ṣe ibùjókòó ni yóò jáde. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti wà. Àwọn tó ń wọ ihò fúnra wọn ló ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ náà láìgba owó oṣù, wọn kì í sì í bu owó lé ẹni tí wọ́n bá gbà là. Ẹ sọ eléyìí fún ọmọ yín kó yé e dáadáa, nítorí mo ti rí àwọn ọmọ wa tí ẹ̀rù owó tàbí ìtìjú mú kí wọ́n fẹ́ ní sùúrù díẹ̀ sí i nígbà tó yẹ kí wọ́n ti pè.

Ohun kejì ni òjò. Omi ló gbẹ́ àwọn ihò wọ̀nyí, ọ̀nà omi náà ni wọ́n sì jẹ́ títí di òní. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1967, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá wọ ihò Mossdale ní Yorkshire yìí kan náà. Mẹ́rin nínú wọn tètè jáde. Òjò ńlá rọ̀, odò tó ń wọ ẹnu ihò náà kún, àwọn mẹ́fà tó kù sì bá a lọ. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó ti jáde ló padà rí i pé omi ti bo ẹnu ihò, tó sì sáré gba orí òkè lọ pe ìrànlọ́wọ́. Àwọn tó kú kì í ṣe òǹgbèrì o. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa wà nínú wọn. Nítorí náà, kí ọmọ yín béèrè pé, bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ihò wo ni a máa lọ dípò èyí tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Bí aṣáájú kò bá ní ihò mìíràn tí omi kì í dé nínú ètò rẹ̀, mi ò ní bá a lọ. Kí wọ́n má sì wo ojú ọ̀run ọjọ́ náà nìkan. Bí ilẹ̀ bá ti mu omi yó láti àná, òjò kékeré tó bá rọ̀ lónìí yóò wọ inú ihò tààrà.

Ọmọ Ìdánrè

Ẹ̀gbọ́n Leeds ti sọ ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òkúta fúnra rẹ̀ kún un, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi ihò tí a mọ̀ nílé díwọ̀n ti ibí.

Ẹni tó bá ti wọ abẹ́ àpáta ní Ìdánrè tàbí ní Olúmọ lè rò pé ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òkúta líle ni àpáta ilé wa yẹn, irú èyí tí òjò kì í yọ́. Abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn lè sá sí, bí àwọn Ẹ̀gbá ti ṣe lábẹ́ Olúmọ nígbà ogun, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń dé ibẹ̀. Ihò Eléérú tó wà lẹ́bàá Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wa egungun ènìyàn jáde ní ọdún 1965, egungun tó ti tó bíi ẹgbẹ̀rún 13 ọdún. Àwọn ènìyàn gbé abẹ́ àpáta náà, wọ́n dáná níbẹ̀, kò sì sí odò tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Òkúta Yorkshire yàtọ̀. Òkúta ẹfun ni, ìbátan èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Òjò tó bá gba inú ilẹ̀ kọjá máa ń gba gáàsì inú ilẹ̀ mọ́ra, yóò kan díẹ̀díẹ̀, kíkan yẹn ló sì ń jẹ òkúta ẹfun láti ojú ihò tí irun lè gbà títí yóò fi di gbọ̀ngàn. Ìdí nìyí tí odò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ fi máa ń dédé wọlẹ̀ lọ níbẹ̀. Ní òkè Ingleborough, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Fell Beck tó ń já sínú kòtò Gaping Gill. Mítà 98 ni ó jìn lóòró, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Édouard-Alfred Martel ló sì kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1895. Ẹ fojú inú wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ bí odò náà bá kún. Òjò tó rọ̀ sórí òkè tí ẹ kò rí ni yóò wá bá yín nísàlẹ̀, ojú ọ̀run ẹnu ihò sì lè mọ́ kedere nígbà náà.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ọmọ mọ̀. Àwọn òkúta tó so rọ̀ láti òkè ihò bíi ìwo, èyí tí omi ń tò jọ díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kí ó má fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Ọ̀rá tó wà ní ọwọ́ ènìyàn tó láti bà wọ́n jẹ́. Ibi tí wọ́n bá ta okùn sí nílẹ̀, kí ó má kọjá rẹ̀. Bí ó bá sì rí àdán tó ń sùn, kí ó kọjá jẹ́ẹ́ láìtan iná sí i lójú, nítorí òfin Ìlú Ọba dáàbò bo àdán.

Àbúrò Sheffield

Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọdún kejì mi nínú ẹgbẹ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ sọ, nítorí aṣọ ló máa ń ba ọjọ́ jẹ́ fún àwọn tuntun.

Bó bá gbóná, bó bá tutù lókè, inú ihò kì í yí padà. Ní Yorkshire, kò ju bíi ìwọ̀n 8 sí 10 lórí ẹ̀rọ Celsius lọ. Bí ara bá gbẹ, kò burú. Bí ara bá tutù, òtútù náà kò ní fi yín sílẹ̀ títí ẹ ó fi jáde. Kí ó má wọ jíǹsì, kí ó má sì wọ aṣọ òwú sí ìsàlẹ̀, nítorí òwú máa ń mu omi, yóò wúwo, yóò sì máa fa ooru kúrò lára. Aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe tàbí èyí onírun fúlẹ́fúlẹ́ tí kì í mu omi ló dára lábẹ́. Ẹgbẹ́ ni yóò yá a ní aṣọ àwọ̀lékè tó nípọn, akoto, iná orí akoto, ìgbànú àti ohun tí wọ́n ń dì mọ́ orúnkún. Kò yẹ kí ẹ ra ìkankan nínú wọn báyìí. Ohun tí mo máa ní kí ẹ rà ni bàtà òjò onírọ́bà gígùn tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti iná kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀, tí yóò wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Iná orí akoto lè kú. Bí ó bá kú tí kò sí òmíràn, kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀ bó tilẹ̀ gbé e sí iwájú ojú. Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe irú tí NEPA máa ń mú wá, nítorí ojú kò lè mọ́ ọn lára.

Kí ó di aṣọ gbígbẹ, tówẹ̀lì àti fìlà sínú mọ́tò, pẹ̀lú ọ̀rá dúdú ńlá kan tí yóò kó aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ sí. Kí ó jẹun dáadáa láàárọ̀. Kí ó sì mú ṣokoléètì tàbí ẹ̀pà sínú àpò, nítorí ebi máa ń jẹ́ kí òtútù tètè mú ènìyàn.

Nípa ibi tóóró tí àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù: ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú wọn lọ sí Long Churn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń mú àwọn tuntun lọ. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cheese Press, àlàfo pẹlẹbẹ kan láàárín òkúta méjì. Ńṣe lẹ máa dojú bolẹ̀, ẹ máa yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí akoto lè gbà á, ẹ máa na ọwọ́ síwájú, ẹ máa fi ìka ẹsẹ̀ ti ara yín. Bí àyà bá há, ẹ mí síta pátápátá, àyà yóò rọ̀, ẹ ó sì sún díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ ń wú sí i ni. Ọ̀nà mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ gbabẹ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń gba ọ̀nà yẹn láìsí ìtìjú. Kí ọmọ yín mọ̀ pé òun lè sọ pé "mi ò lọ mọ́" ní ibikíbi, àti pé ẹgbẹ́ tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ tó yẹ kó dúró sí.

Àwẹ̀ró, Manchester

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ obìnrin kún un, nítorí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ kì í sábà mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fẹ́ dirun kó tó lọ, kí ó má di ṣùkú, nítorí akoto kò ní jókòó lórí ṣùkú. Kòlẹ́sẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí, tí ìdí rẹ̀ wà ní ọrùn, ló bá akoto mu. Bí ó bá fi irun oníke gígùn dì í, kí ó ká a wọ inú ẹ̀yìn aṣọ, kí ó má jẹ́ kó máa fì. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ ọ ní okùn, irun tàbí gèlè tó bá wọ inú irin tí wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí okùn lè há a mọ́ agbedeméjì, ìrora rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tó ń lo hìjáàbù lè lo fìlà tó bo orí àti ọrùn, tó sì há gádígádí mọ́ ọn lára, lábẹ́ akoto. Mo mọ àwọn tó ń lọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ní ìṣòro kankan.

Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nísàlẹ̀. Kí ó tọ̀ kó tó wọ aṣọ àwọ̀lékè, nítorí bíbọ́ rẹ̀ nínú ihò kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí ó bá wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀, kí ó mú ohun tó máa lò àti ọ̀rá tó ṣeé dì pa dání, nítorí ohunkóhun tí a bá mú wọ ihò ni a máa mú jáde.

Ní alẹ́, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí máa ń se oúnjẹ papọ̀, ọtí sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi ipá mú ọmọ mu ún. Ẹ kàn kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá mutí mọ́jú kò yẹ ní ẹni tí òun máa tẹ̀ lé wọ ihò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Ìyá wa, mo rí ọ̀rọ̀ AS tí ẹ sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́ AS ló ń ṣe eré ìdárayá líle láìsí wàhálà. Ohun tó lè kó wọn síyọnu ni kí wọ́n ṣe àṣejù títí agbára yóò fi tán pátápátá, pàápàá bí omi bá ti gbẹ lára wọn. Kí ó máa mu omi kó tó wọlé àti lẹ́yìn tó bá jáde, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé òun sáré, kí ó sì sọ ọ́ fún aṣáájú ṣáájú ọjọ́ náà.

Fún ẹni tó bá jẹ́ SS tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ mi yàtọ̀. Òtútù, omi tó gbẹ lára àti iṣẹ́ àṣekára wà lára ohun tó máa ń fa ìrora, inú ihò sì jẹ́ ibi tí wọ́n lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí ó bá dókítà rẹ̀ tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó dá nǹkan kan lé. Bí ó bá jẹ́ àbúrò mi ni, mo máa ní kó dúró lókè, kó sì jẹ́ ẹni tó mú ìwé aago lọ́wọ́. Iṣẹ́ gidi ni ìyẹn náà.

Oògùn asthma rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró sínú mọ́tò. Kí ó fi sínú ike tí omi kò lè wọ̀, kí ike náà wà lára rẹ̀, kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì mọ àpò tó wà.

Kí gbogbo wọn mọ àmì òtútù tó ti wọra. Ọwọ́ ẹni náà kò ní lè di nǹkan mú mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa kọ, ọ̀rọ̀ yóò máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀, inú yóò sì máa bí i láìnídìí, tàbí kí ó dákẹ́ lójijì. Òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀. Bí ẹ bá ti rí èyí, ìrìn ọjọ́ yẹn ti parí: ẹ fún un ní nǹkan dídùn jẹ, ẹ fi fìlà gbígbẹ dé e lórí, ẹ fún mọ́ ọn, kí ẹ sì máa kọjú sí ìta bí ó bá ṣì lè rìn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, nítorí àrùn kan wà tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi. Bí ibà bá mú un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, kí ó rántí sọ fún dókítà pé òun wọ inú omi ihò.

Bàbá Ẹ̀gbá, Bristol

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára, ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣáájú akẹ́kọ̀ọ́. Ta ló fún ọmọ ogún ọdún láṣẹ láti kó ọmọ olọ́mọ wọ abẹ́ ilẹ̀? Neil Moss, akẹ́kọ̀ọ́ Oxford, kò ju ogún ọdún lọ nígbà tó há sínú kòtò tóóró kan ní Peak Cavern ní Derbyshire ní oṣù kẹta ọdún 1959. Afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń mí jáde ló kó jọ yí i ká, wọn kò sì lè fà á yọ títí ó fi kú. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ tí kò bá ní olùkọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, kí òbí má gbà fún un.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé àwọn olùkọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí wà, àwọn ẹgbẹ́ kan sì máa ń gbà wọ́n fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn yunifásítì ti ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́ ni pé àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn tuntun. Ti Bristol níbẹ̀ yẹn ti wà láti ọdún 1919, ti Cambridge láti ọdún 1949, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford sì ti ń lọ wá ihò jinlẹ̀ ní òkè Picos de Europa ní Sípéènì láti ọdún 1961. Rick Stanton, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ́kọ́ rí àwọn ọmọdékùnrin méjìlá àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù wọn tí omi há mọ́ inú ihò Tham Luang ní Thailand ní ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ́ ní Yunifásítì Aston nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà ti bí àwọn tó mọṣẹ́ dójú àmì.

Níbi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé òbí àti ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò sí olùkọ́ tó ń gba owó oṣù nínú ihò yẹn. Àjọ British Caving Association kò fi pa mọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ gbangba fún ọmọ ẹgbẹ́ pé eré yìí lè ṣeni léṣe, ó sì lè pani, àti pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìnṣọ́ránsì wọn, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣe ohun tó pa ẹlòmíràn lára ni ó wà fún. Kì í ṣe fún ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó bá ṣẹ́. Nítorí náà, kí ọmọ béèrè bóyá aṣáájú ti wọ ihò yìí gan-an rí, bóyá ẹlòmíràn tó mọ̀nà yóò wà lẹ́yìn, àti iye àwọn tuntun tó máa tẹ̀ lé e. Tèmi ni pé bí àwọn tuntun bá pọ̀ ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lẹ́yìn àwọn méjì tó mọ̀nà, kí wọ́n pín in sí méjì.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò sì lè dá aago dúró. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọkùnrin kan tó mọṣẹ́ dáadáa ṣubú nínú ihò Ogof Ffynnon Ddu ní Wales. Wákàtí 54 ni ó lò nínú ihò kí àwọn olùgbàlà, tí iye wọn lé ní 200, tó fi àkéte gbé e jáde láàyè. Ẹni tó bá a wọlé lè jáde lọ pè wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíákíá. Ẹni tí kò bá ní ọ̀nà láti jáde, aago rẹ̀ nìkan ló ní.

Bàbá Ẹ̀gbá, Bristol

Mo gbọ́. Bí ẹnì kan tó mọ̀nà bá wà níwájú, tí òmíràn wà lẹ́yìn, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Okùn ńkọ́? Ṣé ìrìn àkọ́kọ́ náà ni wọ́n máa fi okùn sọ wọ́n sí kòtò?

Àbúrò Sheffield

Rárá o, bàbá. Ní ẹgbẹ́ tiwa, ihò tí ènìyàn lè rìn wọ̀ tó sì lè rákòrò jáde ni àwọn tuntun máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Lórí igi tàbí nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni a ti ń kọ́ okùn. Ẹni náà gbọ́dọ̀ lè gùn ún, kó sọ̀kalẹ̀, kó sì yí padà láti gígùn sí sísọ̀kalẹ̀ nígbà tó ṣì so rọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sọ fún un ohun tó máa ṣe, kí a tó mú un lọ sí kòtò gidi. Bí ẹgbẹ́ ọmọ yín bá fẹ́ fo ìyẹn, mà, kí ó kọ̀.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́ńdọ̀nù

Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. Mo bá ọmọ sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ó sì bi aṣáájú wọn. Long Churn ni wọ́n ń lọ lóòótọ́. Àwọn méjì tó mọ̀nà yóò wà pẹ̀lú àwọn tuntun mẹ́rin, wọn kò sì ní lo okùn láti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní bí òjò bá pọ̀, wọn kò ní wọ ihò kankan tí odò ń gbà. Ńṣe ni wọ́n máa lọ kọ́ okùn nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó máa mú aago lọ́wọ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó dúró sí yunifásítì. Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé èmi náà lè gba aago yẹn lọ́wọ́ wọn, kí n máa ṣọ́ ọ láti ibí?

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Ẹ lè gbà á, mà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí akọ̀wé náà ṣì jẹ́ ẹni tó ń pè. Òun ló mọ ihò náà, òun ni yóò sì lè dáhùn ìbéèrè tí àwọn olùgbàlà máa bi í nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n mú dání. Kí ọmọ yín fi orúkọ ihò, ibi tí mọ́tò máa wà, iye wọn, aago náà àti nọ́ńbà akọ̀wé ránṣẹ́ sí yín ní àárọ̀ Sátidé. Bí aago bá kọjá, akọ̀wé ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, nítorí ó lè jẹ́ pé ó ti gbúròó wọn. Bí òun náà kò bá gbé fóònù, ẹ pe 999 fúnra yín, kí ẹ sì sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ní North Yorkshire ni, nítorí Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ ti ń pè, kí wọ́n lè so yín mọ́ ọlọ́pàá ti ọ̀hún. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi fóònù sílẹ̀, nítorí wọn yóò pè yín padà.